Bí Nọ́ńbà Ti Ń Hàn Lójú Ẹ̀rọ: Àlàyé lórí Ìmọ́lẹ̀ àti Kírísítálì Olómi



Ọ̀rọ̀ tí a ó bá yín sọ nínú ìwé kékeré yìí jẹ mọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń wò lójoojúmọ́ láì bi ara wa léèrè bí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ohun náà ni àwọn nọ́ńbà dúdú tí ń hàn lójú aago ọwọ́, lójú ẹ̀rọ ìṣirò, lójú òṣùwọ̀n inú ọjà, àti lójú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá. Kì í ṣe ìfẹ́ láti fi ìmọ̀ ṣe fáàrí ni ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe ohun tí ojú wa rí ní ilé ìwòsàn kékeré kan.

Ìyá àgbàlagbà kan ni ó wá kí wọ́n wọn ìfúnpá fún un. Wọ́n wé ọ̀já ẹ̀rọ mọ́ ọn ní apá. Ẹ̀rọ náà fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀já, ó sì tú u jáde. Nígbà tí ó dákẹ́, 166 ni ó hàn lójú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ti òkè. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó fún ìyá náà ní ìmọ̀ràn, ìyá sì dìde láti máa lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó jókòó tẹ̀lé e. Nígbà tí iye tirẹ̀ jáde, nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ: 1 tí ó wà láàárín kò ní apá òkè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó dúró bí kùkùté. Lójú ẹsẹ̀ ni ó sáré jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá jókòó.” Wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn wọn ìfúnpá ìyá náà, iye tí ó jáde sì lé ní 180.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò ṣi ìfúnpá náà wọ̀n. 186 ni ó wọ̀n, 186 ni ó sì fẹ́ fi hàn. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo nínú àwọn ìlà tí ó para pọ̀ di 8 kò yọ, 8 sì di 6. Kí ó tó lè yé wa bí ìlà kan ti lè sọnù bẹ́ẹ̀ láì fi àpá sílẹ̀, ó di dandan kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìlà náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rìn lọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

I. Dúdú tí kì í ṣe tàdáwà

Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà ojú aago yóò rò pé ohun dúdú kan wà nínú gíláàsì rẹ̀, bí ẹni fi tàdáwà kọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ ìṣirò, gbogbo nọ́ńbà a pòórá, kò sì ní sí àbàwọ́n kankan níbi tí wọ́n wà. Ohun tí ó wà láàárín gíláàsì náà mọ́ gaara, bẹ́ẹ̀ni kò fi ìgbà kan di dúdú. Kì í tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, kì í sì í gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Iṣẹ́ kan péré ni ó ń ṣe: ó lè yí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá sí apá kan, ó sì lè jẹ́ kí ó kọjá láì yí i. Àwọn méjì mìíràn tí ó dúró níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń ṣe ìdájọ́ ìmọ́lẹ̀ náà bóyá yóò wọlé tàbí kò ní wọlé. Àwọn méjì wọ̀nyí ni a ó pè ní asẹ́ ìmọ́lẹ̀.

II. Ìmọ́lẹ̀ àti asẹ́ rẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ a máa rìn bí ìgbì. Ẹ mú okùn gígùn kan, ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ igi, ẹ di orí kejì mú, kí ẹ sì máa mì í sókè sódò. Ẹ ó rí ìgbì tí ń sáré lọ sí ìdí igi, bẹ́ẹ̀ni okùn fúnra rẹ̀ kò lọ síbì kan. Bí ẹ bá mì í sọ́tùn-ún sósì, ìgbì yóò tún lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà ń mì ti yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìmọ́lẹ̀: ó ń mì ní dídábùú ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ti àtùpà, gbogbo ọ̀nà mímì ni ó dàpọ̀, ti òró, ti ìbú, àti ti ẹ̀gbẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí okùn náà gba àárín ọ̀pá oparun méjì kọjá, tí a rì mọ́lẹ̀ ní òró, tí wọ́n sì sún mọ́ ara wọn. Ìgbì tí ń mì sókè sódò yóò kọjá. Èyí tí ń mì sọ́tùn-ún sósì yóò kọlu ọ̀pá, yóò sì kú síbẹ̀. Bí a bá wá mú oparun méjì mìíràn, tí a fi wọ́n sí iwájú ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n tí a dá wọn dùbúlẹ̀ ní ìbú, ìgbì tí ó bọ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ yóò kú lọ́wọ́ ti èkejì. Kò sí ìgbì kan tí yóò dé ìdí igi mọ́.

Étienne-Louis Malus, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣàkíyèsí ní 1808 ní ìlú Paris pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ta padà lára gíláàsì fèrèsé ní ìwà yìí: bí ó ti ń yí kírísítálì tí ó fi ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ń pọ̀, tí ó sì ń dínkù. Ní 1929, Edwin Land, ará Amẹ́ríkà, béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tí kò gbówó lórí. Irú ike bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí a ń wí. Òun náà ni ó wà nínú oríṣi awò oòrùn kan tí àwọn awakọ̀ àti apẹja fẹ́ràn. Bí ẹ bá rí irú awò bẹ́ẹ̀ méjì, ẹ gbé ojú ọ̀kan síwájú èkejì: ìmọ́lẹ̀ yóò kọjá. Ẹ wá yí ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ títí tí wọn yóò fi dábùú ara wọn bí apá àgbélébùú: ibi tí wọ́n ti bo ara wọn yóò di dúdú biribiri. Gíláàsì méjèèjì mọ́; àìfohùnṣọ̀kan wọn ni ó bí òkùnkùn.

Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀ wa. Nínú ojú aago, asẹ́ méjì ni ó wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sì dábùú ara wọn. Bí kò bá sí ohunkóhun láàárín wọn, gbogbo ojú aago ì bá dúdú títí láé. Kí ìmọ́lẹ̀ tó lè kọjá, ó di dandan kí ohun kan wà láàárín tí yóò gbà á lọ́wọ́ asẹ́ àkọ́kọ́, tí yóò yí i ní ìwọ̀n 90 dìgírì, tí yóò sì fà á lé asẹ́ kejì lọ́wọ́ ní ọ̀nà tí òun fẹ́.

III. Omi tí ó ní ìwà kírísítálì

Gbogbo wa mọ iyọ̀ òkúta. Bí a bá lè rí inú rẹ̀, a ó rí i pé àwọn ẹ̀yà kékeré tí ó para pọ̀ di iyọ̀ náà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ebè inú oko. Ohun tí ó tò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní kírísítálì. Omi kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀, tí à ń pè ní mólékù, dàbí èrò ọjà: olúkúlùkù kọjú sí ibi tí ó wù ú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi rò pé kò sí ohun kan láàárín méjì wọ̀nyí.

Ní 1888, Friedrich Reinitzer, ẹni tí í máa kọ́ nípa ewéko ní ìlú Prague, ń yọ́ nǹkan funfun kan tí ó rí láti ara kárọ́ọ̀tì. Nígbà tí ooru dé 145.5 dìgírì, nǹkan náà yọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ rí bí omi ògì, kò mọ́. Nígbà tí ooru dé 178.5 dìgírì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ gaara. Ìgbà méjì ni nǹkan kan náà yọ́! Ó kọ̀wé sí Otto Lehmann, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó ní ẹ̀rọ amúǹkantóbi tí a lè fi wo ohun gbígbóná, Lehmann sì rí i pé omi tí kò mọ́ náà ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ ó ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ bí kírísítálì. Ní 1889 ó tẹ ìwé jáde lórí kírísítálì tí ń ṣàn. Àwa yóò pè é ní kírísítálì olómi.

Oríṣiríṣi ni kírísítálì olómi. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni Georges Friedel, ará Faransé, sọ ní nẹmátíìkì ní 1922, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí fọ́nrán òwú. Àwọn mólékù rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Wọ́n ń yọ̀ kọjá lára ara wọn, wọn kò dúró lójú kan; síbẹ̀ apá kan náà ni gbogbo wọn kọrí sí, gẹ́gẹ́ bí ìtì igi gẹdú tí a so pọ̀ tí ń léfòó lójú ọ̀sà.

IV. Àtẹ̀gùn tí ó lọ́

Báyìí ni a ṣe ń ṣe ojú aago náà. A mú gíláàsì pẹlẹbẹ méjì. A fi ohun kan tí ó mọ́ gaara, tí iná mànàmáná sì lè gbà, kun inú wọn. A tún fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, a sì fi aṣọ pa ike náà lójú ní apá kan ṣoṣo, bí ẹni ń fi ọwọ́ pa irun ẹran lẹ́yìn. Mólékù tí ó bá fara kan ike yìí yóò dùbúlẹ̀ sí apá ibi tí a pa á sí. A kó gíláàsì méjèèjì kọjú síra, ṣùgbọ́n a mú kí ọ̀nà tí a gbà pa wọ́n dábùú ara wọn. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mílímítà kan; irun orí ẹyọ kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àlàfo yìí ni a dà kírísítálì olómi sí.

Kí ni àwọn mólékù yóò ṣe? Àwọn ti ìsàlẹ̀ kọrí sí ìlà oòrùn. Àwọn ti òkè kọrí sí àríwá. Nítorí pé olúkúlùkù ń fẹ́ kọrí bí ẹnìkejì rẹ̀, àwọn tí ó wà láàárín a máa yí díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹni tí ó bá ti gun ilé ìṣọ́ agogo ìjọ mọ irú àtẹ̀gùn yìí: ó kọjú sí apá kan nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ lé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì bá ara rẹ̀ ní apá mìíràn nígbà tí ó dé òkè, láì mọ ìgbà tí òun yí.

Bí ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣe nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí ń mì ní òró mólékù a máa lọ́ra ju èyí tí ń mì ní ìbú rẹ̀ lọ. Nítorí ìyàtọ̀ yìí, ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé tí ó ń mì ní òró mólékù ti ìsàlẹ̀ kì í lè ya ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n ti ń yí ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fà á yí. Nígbà tí ó dé òkè, ó ti yí ní 90 dìgírì. Charles Mauguin ti ilẹ̀ Faransé ti ṣàlàyé ìwà yìí láti 1911. Ìtẹ̀lé náà kì í pé pérépéré bí àlàfo bá tín-ín-rín. Ní 1975 Gooch àti Tarry ṣe ìṣirò sísanra tí ó yẹ kí àlàfo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè jáde ní ọ̀nà tí ó tọ́ gan-an.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta kọjá lẹ́yìn ìwé Mauguin kí ẹnikẹ́ni tó fi iná mànàmáná sí àtẹ̀gùn yìí fún lílò. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1970, Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Hoffmann-La Roche ní ìlú Basel, béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ní 1971 James Fergason náà béèrè fún ti rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun kan ṣì kù. Aago tí yóò máa fẹ́ ooru bí ti ìkòkò Reinitzer kò lè wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní 1973, George Gray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Hull, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde irú kírísítálì olómi tí kì í tètè bàjẹ́, tí ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ nínú ooru yàrá lásán.

V. Nígbà tí iná mànàmáná bá dé

Orí mólékù kan ní díẹ̀ nínú agbára iná ti àfikún, ìdí rẹ̀ sì ní ti àyọkúrò. Bí a bá rán iná mànàmáná díẹ̀, bíi fóòtì méjì tàbí mẹ́ta, sí gíláàsì méjèèjì, àwọn mólékù tí ó dùbúlẹ̀ a dìde dúró, wọn a kọ orí sí gíláàsì kan, wọn a kọ ìdí sí èkejì. Àtẹ̀gùn ti túká. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé kò rí ẹni tí yóò yí i. Bí ó ti wọlé ni ó jáde. Asẹ́ kejì rí i pé ó dábùú òun, ó sì gbé e mì. Ibẹ̀ ni ojú wa ti rí dúdú.

Bí iná bá kúrò, ike tí a pa lójú tún fa àwọn mólékù padà. Wọ́n dùbúlẹ̀, àtẹ̀gùn tún dé, ìmọ́lẹ̀ tún kọjá, ó kan ohun dídán tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó sì gba ọ̀nà kan náà padà wá bá wa. Gbogbo èyí kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí pé iná náà ń dá mólékù dúró ni, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàn láti gíláàsì kan dé èkejì, agbára tí ó ń ná kéré púpọ̀. Ìdí nìyí tí bátìrì kékeré fi lè sin aago fún ọdún púpọ̀.

VI. Ìlà méje

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀rọ jẹ́ ìlà méje: ìlà ìbú mẹ́ta, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀, àti ìlà òró mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo méje bá gba iná, 8 ni. Bí ìlà òró méjì ti ọ̀tún nìkan bá gbà á, 1 ni.

Nísinsìnyí a lè padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Bí eruku bá wọ ibi tí iná ti ń bọ́ sórí gíláàsì, tàbí tí ibẹ̀ bá tú díẹ̀, ìlà kan kò ní gbọ́ ohun tí a rán sí i. Kì í jóná, kì í sì í fọ́. Àwọn mólékù rẹ̀ kàn dùbúlẹ̀ sínú àtẹ̀gùn wọn bí ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n ń yí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń kọjá. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlà tí a kò rán níṣẹ́ àti ìlà tí kò gbọ́ iṣẹ́ tí a rán an. Méjèèjì mọ́ bákan náà. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà dé ojú.

Ìlà òró ti òkè lápá ọ̀tún ni ó sọnù nínú nọ́ńbà àárín. Láìsí i, 8 di 6, 9 sì di 5. Bí ó bá jẹ́ ìlà àárín ni ó sọnù, 8 a di 0. Bí ó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ lápá òsì, 8 a di 9. Bí ti òkè pátápátá bá sọnù, 7 a di 1. Ẹ kíyèsí i pé gbogbo wọn ni ó di nọ́ńbà pípé, tí kò sí àmì àbùkù lára wọn. Orí 1 nìkan ni àṣírí náà ti tú, nítorí 1 tí ó pàdánù ìlà kan kò lè di nọ́ńbà mìíràn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin nì kò bá tẹ̀lé ìyá náà, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ gba ìmọ̀ràn mẹ́rin wọ̀nyí. Èkíní, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, a máa fi gbogbo ìlà hàn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni kọ 888. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀rọ ń pe orúkọ àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè rí ẹni tí kò dáhùn. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó gba ohunkóhun tí ó bá sọ gbọ́. Èkejì, ẹ máa wo ojú ẹ̀rọ ní ọ̀kánkán. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá kì í bá àwọn mólékù pàdé bí èyí tí ó gba ọ̀kánkán, nọ́ńbà a sì máa ṣàì yọ dáadáa. Ẹ̀kẹta, ẹ bọ́ awò oòrùn yín kí ẹ tó kàwé lójú rẹ̀, nítorí awò náà lè jẹ́ asẹ́ kẹta tí yóò pa gbogbo ojú ẹ̀rọ dé. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ nínú oòrùn, tí gbogbo ojú rẹ̀ dúdú, ẹ má ṣe tètè sọ ọ́ nù. Ooru ti sọ kírísítálì olómi di omi lásán, gẹ́gẹ́ bí Reinitzer ti rí i nínú yíyọ́ kejì. Àtẹ̀gùn ti túká, asẹ́ méjèèjì sì ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ gbé e sí ibi tútù. Lọ́pọ̀ ìgbà yóò padà bọ̀ sípò.

Ìyá náà gba oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ń padà wá lóṣooṣù títí di ìsinsìnyí. Nọ́ọ̀sì sì ti fi bébà kékeré lẹ ara ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń lò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Kọ́kọ́ wo 888.” A fẹ́ kí ẹni tí ó ń fi òṣùwọ̀n ta ẹran fún aládùúgbò rẹ̀, àti ẹni tí ó ń wọn ooru ara ọmọ ọwọ́ lóru, kọ ọ́ sí ọkàn bákan náà. Ojúṣe àtijọ́ ni pé kí òṣùwọ̀n wa jẹ́ òtítọ́, gíláàsì àti iná mànàmáná kò sì mú un kúrò lọ́rùn wa.